Iná Tó Gba Ẹsẹ̀ Àpáta Kọjá

Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn tí àwọn oníṣẹ́ ọba fi kùmọ̀ kó ọkùnrin mẹ́rin ní Aberwennol, abúlé wa létí òkun, lọ sójú ogun orí omi, Siencyn Morys nìkan tu ọkọ̀ rẹ̀ lọ sókun. Ọdún 1793 ni. Ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bá àwọn ará Faransé jà, àwa tí a kò mọ ohun tó dá ìjà sílẹ̀ ni wọ́n ń kó lọ jà á. Gruffydd, tí òun àti Siencyn jọ ń dẹ àwọ̀n, wà lára àwọn mẹ́rin náà. Iwájú ilé ọtí ni wọ́n ti mú un, tòun ti ife lọ́wọ́. Oṣù kọkànlá sì rèé, oṣù ẹja ṣáwá. Ẹni tí kò bá rí ẹja kó sínú iyọ̀ lóṣù yìí, omi ọbẹ̀ lásán ni yóò máa mu títí di ìgbà ìrúwé.

Lowri, ìyàwó Siencyn, bá a gbé àwọ̀n dé etí omi. Ó wọ bàtà onígi, ó ró aṣọ pupa tí wọ́n fi irun àgùntàn hun, ó sì fi ìborùn dúdú wé orí mọ́ ọrùn nítorí atẹ́gùn. Ìbọ̀sẹ̀ tó hun dé ìdajì ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ìhunṣọ mẹ́rin, nítorí àwọn obìnrin wa kì í rìn lọ́wọ́ òfo, ì báà jẹ́ ibi ìsìnkú ni wọ́n ń lọ. Ọdún kẹta rẹ̀ nìyí nílé ọkọ. Orí òkè Foel ni wọ́n ti bí i, láàárín àgùntàn, kò sì tíì fẹ́ràn òkun.

"Ẹ jẹ́ kó dọ̀la," ó sọ fún ọkọ rẹ̀. "Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Pali á bá yín lọ lọ́la."

"Àwọn ọmọ Pali kẹ̀? Ọ̀kan ń bẹ̀rù omi, èkejì ń bẹ̀rù ẹja."

"Ẹ̀yin náà, ẹ bẹ̀rù nǹkan kan, kò sẹ́ni tó máa fi yín ṣẹ̀sín."

"Mò ń bẹ̀rù ìyá mi. Ìyẹn ti tó ọkùnrin kan bẹ̀rù."

Lowri rẹ́rìn-ín, kò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Siencyn fi ọwọ́ òsì rẹ̀ gbé àtùpà sínú ọkọ̀, àtùpà onígun mẹ́rin tí ojú rẹ̀ jẹ́ ìwo màlúù tí wọ́n ha títí ó fi fẹ́lẹ́. Ó ní ẹ̀yìn àpáta lápá ìwọ̀ oòrùn lòun máa dẹ àwọ̀n sí, pé kí ilẹ̀ tó ṣú òun á ti wà nílé. Ó ti ọkọ̀ bọ́ sómi, ó sì lọ. Lowri kò dúró wò ó títí, nítorí màlúù wà nílé tí wọn kò tíì fún wàrà rẹ̀.

Odò Aberwennol kì í fara balẹ̀ ṣàn dé òkun bí odò ọmọlúàbí. Ó máa ń ti orí Foel sáré bọ̀ láàárín igi, tó bá dé bèbè àpáta, ó máa ń já sórí iyanrìn láti ibi tó ga tó ilé mẹ́rin. Ẹ̀gbẹ́ omi tó ń já yìí ni ọ̀nà wà, àtẹ̀gùn tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta, tó gba ibẹ̀ gòkè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti ìtẹ́ òkú. Àwọn ilé wa wà ní apá kejì odò, wọ́n tò sára òkè lórí ara wọn, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ń wo gbogbo etíkun àti ẹsẹ̀ àpáta. Ọjọ́ méje ni òjò ti ń rọ̀ láìdá lórí òkè. Omi náà funfun láti òkè délẹ̀.

Nígbà tó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, kùrukùru ti ojú òkun wọlé. Ó bo ọkọ̀ tí wọ́n fà sórí iyanrìn, ó bo òpó tí wọ́n ń sá àwọ̀n lé, ó wá ń ṣí díẹ̀, ó ń padà bò. Lowri jáde láti lọ kó aṣọ tó sá sórí ògiri òkúta. Ó rọ aṣọ náà sápá, ó gbójú sókè, ó sì rí iná.

Iná náà wà nísàlẹ̀, ní ẹsẹ̀ àpáta. Ó pupa nínú kùrukùru, ó sì tóbi ju bí iná àbẹ́là ṣe yẹ kó tóbi lọ. Láti ìhà òkun ló ti ń bọ̀, ó ń lọ síbi àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. Kò yára. Á lọ díẹ̀, á dúró, á tún lọ.

"Ìyá," Lowri pè. Kò pariwo.

Gwladus, ìyá ọkọ rẹ̀, jáde wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin gíga ni, ọdún méjìlá ti kọjá tí òkun ti gba ọkọ tirẹ̀, láti ìgbà náà ni kò ti wọ aṣọ mìíràn ju dúdú lọ. Ó wo ibi tí Lowri ń wò. 

"Wọlé," ó ní.

"Ìyá, ṣé kì í ṣe àtùpà ni?"

"Àtùpà a máa ní ẹni tó gbé e. Ẹni tó gbé e a máa pe èèyàn. Ṣé o gbọ́ ohùn?"

Lowri fetí sílẹ̀. Kò gbọ́ ohùn kankan. Ìdákẹ́rọ́rọ́ tó máa ń wà lójoojúmọ́ náà ló wà.

"N kò gbọ́ nǹkan kan."

"O rí i báyìí. Ó pupa. Tó bá jẹ́ ti ọmọdé, á rí bí ewé tó ṣá, á kéré. Ti ọkùnrin nìyí. Wọlé kó o ti ilẹ̀kùn, Lowri, kó tó yà síbí."

Kò sí ẹni tó ń ṣàlàyé Àbẹ́là Òkú fún ẹnikẹ́ni lábúlé wa, bí ẹnikẹ́ni kò ṣe ń ṣàlàyé òjò. Iná ni, ó máa ń gba ọ̀nà tí òkú yóò gbà kí òkú náà tó gbà á. Bó bá ti ilé jáde, ará ilé náà ló ń kú lọ. Bó bá ti òkun bọ̀, òkun ni yóò dá òkú náà padà. Wọn kì í lọ pàdé rẹ̀, wọn kì í pè é, wọn kì í dúró sọ́nà fún un. Pali tó wà nílé kejì dúró sọ́nà fún un nígbà tó wà lọ́mọge, láti ọjọ́ yẹn ni apá ọ̀tún rẹ̀ ti rọ tí kò lè gbé ìkòkò. Ó máa ń ṣí apá náà han àwọn ọmọdé tí wọ́n bá fẹ́ ya aláìgbọràn.

Lowri wọlé. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fi igi dábùú rẹ̀. Gbogbo ara òkè náà ni wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn, ó ń dún gbà, gbà, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Pali lu ògiri láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀.

"Gwladus! Ṣé ẹ ti rí i?"

"A ti rí i."

"Ọkùnrin ni o!"

"A ti mọ̀, Pali."

"Háà. Ẹ kú ìfaradà o. Kí Olúwa ṣàánú."

Lowri jókòó sídìí iná. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò rẹ̀, nítorí kò sí ohun mìíràn tí orí rẹ̀ lè ṣe. Ọkùnrin ni. Àwọn mẹ́rin wà nínú ọkọ̀ ogun ọba, iná tiwọn kò lè ti etíkun wa bọ̀. Àwọn tó kù wà nílé, ẹ̀fín ń jáde lórí ilé wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà lókun. Nígbà tó ṣírò rẹ̀ débẹ̀, ara rẹ̀ wá dà bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé lórí pẹ́ títí, tó wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí kì í ṣe tẹni mọ́. Ó mú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ó ń hun ún. Ìbọ̀sẹ̀ Siencyn ni, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń hun ún lọ.

Gwladus kò jókòó. Ó dúró síbi tí pákó ilẹ̀kùn ti lanu, ó fi ojú kan síbẹ̀, ó ń wòta. Ó pẹ́ púpọ̀ níbẹ̀. Nígbà tó kúrò, ó da iná pọ̀, ó fi ìṣù èédú àti amọ̀ bò ó kó má bàa kú dàárọ̀, ó sì ní kí Lowri jẹun. Àkàrà ọkà pẹlẹbẹ ni àti omi wàrà. Lowri jẹ ẹ́ tán. Ìyẹn ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òkun ti fà sẹ́yìn. Mathias, akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì, ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin márùn-ún àti àkàbà tí wọ́n fi ń gbé òkú. Mathias yìí nìkan ló lè ka èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Aberwennol, òun ló ń kọ orúkọ ọmọ tí wọ́n bí àti ti ẹni tó kú sínú ìwé. Wọn kò wá òkú náà kiri. Ibi tí iná ti dúró ni wọ́n lọ tààrà, ibẹ̀ ni Siencyn sì wà, láàárín òkúta méjì nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, omi tó ń já ń ta sí i lójú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ṣẹ́ lábẹ́ orúnkún. Okùn àwọ̀n so àtùpà mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Àbẹ́là inú rẹ̀ ti jó tán, ọ̀rá rẹ̀ ti dì sídìí àtùpà.

Lowri dúró nítòsí, ó rí gbogbo rẹ̀. Mathias kúnlẹ̀, ó tú okùn náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó gbé àtùpà náà sórí òkúta, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i.

"Kò purọ́," ó ní. "Ibi tó dúró sí gan-an ni."

"Kò tiẹ̀ yà bí ìgbésẹ̀ kan," ọkùnrin kejì ní.

"Ẹ kú ìrọ́jú, ìyàwó wa. Ọlọ́run ti sọ fún wa ṣáájú. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń sọ fún," ẹlòmíì sọ fún Lowri.

Ohun tí gbogbo wọn sọ nìyẹn, ohun tí àwọn obìnrin tó wá bá wọn ṣàìsùn òkú náà sọ nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń gbé àbẹ́là àti àkàrà ọkà wá, àti wàràkàṣì àti ọtí ọkà. Wọ́n jókòó yí òkú ká, wọ́n kọrin, wọ́n sọ ìtàn bí Siencyn ṣe já sínú àgbá iyọ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Pali fi apá tó dá pé gbá Lowri mọ́ra, ó ní, "Sunkún, ọmọ mi, sunkún, ẹkún kì í pa èèyàn." Lowri ní òun máa sunkún tó bá yá. Ó lọ bu omi sí i fún àwọn àlejò. Àtùpà náà wà lórí pẹpẹ lẹ́bàá àwo, ẹnì kan ló gbé e wálé, kò sẹ́ni tó sọ ẹni náà.

Ọjọ́ kejì, Olùwádìí dé láti ìlú ńlá lórí ẹṣin. Ọkùnrin tí ìjọba ń rán kiri ni, láti wá wo òkú ẹni tó bá kú ikú òjijì kó sì kọ ohun tó pa á sínú ìwé, nítorí wọn kì í sin irú òkú bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti rí i. Ó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tí bọ́tìnnì rẹ̀ ń dán, ó fi ìyẹ̀fun funfun sí irun orí. Kò gbọ́ èdè wa rárá, ó sì jọ pé ìyẹn kò dà á láàmú. Ilé ọtí ni wọ́n ti ṣe ìjókòó náà. Ọkùnrin méjìlá jókòó láti dá ẹjọ́ bí ikú náà ṣe jẹ́, gẹ́gẹ́ bí òfin, gbogbo wọn sì jẹ́ ọmọ abúlé. Nínú àwọn méjìlá yìí, mẹ́sàn-án ló rí iná náà. Mathias dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì láti máa túmọ̀.

Olùwádìí béèrè ọ̀rọ̀ kan. Àgbà kan dáhùn. Olùwádìí fi ọwọ́ sẹ́yìn etí, ó fajú ro, ó sì sọ nǹkan kan sí Mathias.

"Ọ̀gá ní kí ẹ ti fèrèsé," ni Mathias wí. "Wọ́n ní ariwo yẹn kò jẹ́ kí àwọn gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ."

Àwọn èèyàn wo ara wọn lójú.

"Ariwo wo?" àgbà náà bi í.

Mathias béèrè. Olùwádìí na ọwọ́ sí fèrèsé bí ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Omi ni. Omi tó ń já," ni Mathias túmọ̀.

"Ó fẹ́ ká lọ dá omi dúró fún òun ni?" Pali sọ láti ẹ̀yìn. "Ẹ ní kó máa bọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré inú ọ̀fọ̀. Ẹnì kan dìde, ó ti fèrèsé náà pa, ó sì fi igi kàn án.

Lowri gbọ́ nǹkan kan tó dáwọ́ dúró. Ọdún mẹ́ta ló ti ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó dé ilé ọkọ nìkan ló gbọ́ ọ, nígbà tí kò jẹ́ kó sùn. Lẹ́yìn náà ló di ìdákẹ́rọ́rọ́ fún un, bó ṣe jẹ́ ìdákẹ́rọ́rọ́ fún gbogbo wa. A bí wa sínú ariwo omi yẹn, inú rẹ̀ la ti ń fẹ́ ìyàwó, inú rẹ̀ la ti ń sin òkú, a kì í gbọ́ ọ. Àjèjì kan tó jókòó sínú ilé, níbi tó jìnnà sí omi ju ilé Gwladus lọ, kò lè gbọ́ ohùn ọkùnrin tó jókòó síwájú rẹ̀. Ìsàlẹ̀ omi náà gan-an ni Siencyn wà. Òjò ọjọ́ méje ló ń já lé e lórí.

Ó ti ń pè wọ́n. Láti ìgbà tó ti yọ lẹ́yìn àpáta ló ti ń pè wọ́n.

Ó lóye rẹ̀ bẹ́ẹ̀, níbi tó jókòó sí, láàárín Gwladus àti Pali. Kò dà bí ìbànújẹ́. Ó kàn dà bí ẹni tí wọ́n ka nǹkan kan sí létí.

"Ọ̀gá ń béèrè," ni Mathias wí, "ta ló rí Siencyn kẹ́yìn láàyè?"

 Àwọn méjìlá ń wo ilẹ̀.

Lowri dìde. "Èmi ni."

"Jókòó, ọmọ mi," Pali sọ wúyẹ́wúyẹ́, ó fa aṣọ rẹ̀.

"Èmi ni mo rí i. Mo rí àtùpà rẹ̀ ní ẹsẹ̀ àpáta nígbà tí mò ń kó aṣọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́, ìdí nìyẹn tó fi ń rìn tó ń dúró. Ó ń pè wá, omi kò jẹ́ ká gbọ́. Mo béèrè bóyá àtùpà ni, wọ́n ní rárá, mo sì gbà, mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn. Mo jẹun. Ẹ̀yin náà rí i. Gbogbo yín lẹ rí i. Ẹ rí àtùpà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀, ẹ sì tún ń sọ pé kò purọ́. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan sọ̀ kalẹ̀ nínú wa, ẹnì kan péré, tó lọ bá a, ì bá ṣì wà láàyè."

Ohùn rẹ̀ kò ga sókè. Bí ẹni tó ń ròyìn iye ẹyin tí adìyẹ yé ló ṣe sọ ọ́. Gwladus ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn méjìlá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, kò sì lè dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Ojú Mathias ti funfun. "Ìyàwó, ṣé ohun tó o fẹ́ kí n sọ fún wọn nìyẹn?"

"Ohun tí mo sọ ni kí ẹ sọ."

Mathias yíjú sí Olùwádìí, ó sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò ju gbólóhùn kan lọ. Olùwádìí wo Lowri, ó fi orí kí i tàánútàánú, ó ti kálámù bọ inú tàdáwà, ó kọ ìlà kan. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun mìíràn nípa ọkọ̀, àgbà kan sì yára dáhùn.

Lowri ṣì dúró. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé odindi abúlé ti ilẹ̀kùn mọ́ ọkùnrin kan títí ó fi kú sómi kì í fi orí kí èèyàn báyẹn. Gbogbo ẹni tó gbọ́ èdè wa nínú ilé náà ló gbọ́ ohun tó sọ. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò gbọ́ ọ ni ẹni tí wọ́n rán wá pé kó wá gbọ́ ọ.

Àwọn méjìlá dá ẹjọ́ náà kí àbẹ́là tábìlì tó jó dé ìdajì: ọkọ̀ rẹ̀ gbá òkúta nínú kùrukùru, omi gbé e, ọwọ́ Ọlọ́run ni, kò sẹ́ni tó lẹ́bi. Olùwádìí jẹ ẹran àgùntàn, ó mu ọtí, ó ní iyọ̀ ọbẹ̀ náà pọ̀, ó gun ẹṣin rẹ̀ lọ.

Lowri dúró de Mathias lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí lẹ sọ fún un?"

"Mo ní o ní o rí i láàárọ̀ nígbà tó ń lọ. Pé o bá a gbé àwọ̀n." Kò wò ó lójú. "Ṣé o kò bá a gbé àwọ̀n ni?"

"Mo bá a gbé e."

"N kò purọ́ nígbà náà."

"Bàbá Mathias."

"Lowri, ọkùnrin mẹ́rin ni ọba ti kó lọ níbí lóṣù tó kọjá. Ṣé kí n tún fi ẹnu ara mi kó mẹ́sàn-án lé e? Ta ló máa ro oko? Ta ló máa tu ọkọ̀? Siencyn kò ní jí fún ìyẹn." Ó dé fìlà rẹ̀, ó ṣí i, ó tún dé e. "Èmi náà ti ilẹ̀kùn tèmi. Má rò pé mo ń gba ẹlòmíì sílẹ̀."

Ó lọ. Kò sí ohun tí Lowri fẹ́ bi í mọ́. Gwladus ti wà níwájú lójú ọ̀nà, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, òkúta ọ̀nà náà tutù, ó ń yọ̀. Lowri bá a. Wọ́n rìn pa pọ̀ kọjá ibi tí wọ́n ń sun òkúta ẹfun, kọjá ògiri tí Lowri sá aṣọ sí lọ́jọ́ náà.

"Ọwọ́ òsì ni," Gwladus sọ lójijì.

"Kí ni, Ìyá?"

"Iná yẹn. Ọwọ́ òsì ló fi ń fì í síwá sẹ́yìn. Láti kékeré ló ti máa ń fi àtùpà fì báyẹn tó bá ń rìn, á fì í síta, á fà á wọlé. Mo lù ú lù ú nítorí ọ̀rá àbẹ́là tó ń dà sára aṣọ." Ó dúró mí. "Mo rí i láti ibi tí ilẹ̀kùn ti lanu. Ìgbà kejì tó fì í ni mo mọ̀ ọ́n."

Lowri dúró.

"Ẹ mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ wá dákẹ́."

"Mo ti ní kó o ti ilẹ̀kùn ná. Pali ti gbọ́. Mo ní tí mo bá jáde báyìí, tí mo sọ̀ kalẹ̀, tó wá jẹ́ pé Àbẹ́là Òkú ni lóòótọ́, tó jẹ́ pé ó kàn ń fi ìrìn ọmọ mi tàn mí jáde..." Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè díẹ̀, ó wò wọ́n bí ohun tí wọ́n yá a lò. "Mo ń bẹ̀rù fún apá mi. Kò sí ohun mìíràn ńbẹ̀, ọmọ mi. Mo dúró wò ó títí n kò fi rí i mọ́, mo wá ní kó o jẹun."

Lowri wá inú ara rẹ̀ wò bóyá òun á rí ìbínú níbẹ̀. Kò rí i. Kò rí àánú náà. Ó kàn ń rí obìnrin arúgbó kan lórí òkúta tó ń yọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fẹ́ tàsé. Ó dì í lápá mú, nítorí bó bá ṣubú níbẹ̀, ta ni yóò gbé e.

Wọ́n sin Siencyn lọ́jọ́ kejì. Ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ omi ni wọ́n gbé e gbà. Nígbà tí ìgbà ìrúwé dé, bàbá Lowri sọ̀ kalẹ̀ láti Foel pẹ̀lú ẹṣin kékeré kan láti wá mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé. Ọkọ ti kú, ó ní, ọmọ kò sí, àgùntàn ń bímọ lórí òkè tí kò sẹ́ni tó máa gbẹ̀bí wọn. Kí ló ń dúró ṣe lẹ́bàá omi?

"Ìyá kò ní ẹlòmíì," Lowri dá a lóhùn.

Bàbá náà wò ó, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó padà lọ sórí òkè pẹ̀lú ẹṣin òfo, ó ń ròyìn ìfẹ́ tí ọmọ òun ní sí ìyá ọkọ rẹ̀ ní gbogbo oko tó bá dé. Lowri kò sọ ohun mìíràn fún un. Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín òun àti Gwladus kò ṣeé kó dé ilé bàbá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹlòmíì láyé tó lè bá jókòó láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ ṣàlàyé fún un. Ọdún mọ́kànlá ni àwọn méjèèjì fi jọ gbé, wọ́n ń sọ̀rọ̀ iyọ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ irun àgùntàn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ màlúù. Nígbà tí Gwladus kú, ikú orí bẹ́ẹ̀dì, Lowri ló wẹ̀ ẹ́. Àwọn obìnrin tó ràn án lọ́wọ́ sọ pé ó pẹ́ lórí apá rẹ̀ méjèèjì, pé ó rọra wẹ̀ wọ́n bí ẹni tó ń wẹ ọmọ tuntun.

Lónìí, bí wọ́n bá ń gba ìyàwó níyànjú ní Aberwennol lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àwọn àgbà á ní kó fẹ́ràn ìyá ọkọ rẹ̀ bí Lowri ṣe fẹ́ràn Gwladus.